Orúkọ Tí Àkèré Rí Nígbà Tí Adágún Ti Gbẹ

Nígbà láéláé, kí ayé tó di bí a ti ń rí i yìí, adágún omi kan wà láàárín igbó. Àwọn ẹja ń gbé inú rẹ̀, àwọn ẹran igbó sì ń gbé yí i ká. Orúkọ kò pọ̀ nígbà náà. Ohun tó bá ń gbé inú omi, ará omi ni. Ohun tó bá ń gbé orí ilẹ̀, ará ilẹ̀ ni. Àwọn ẹyẹ ń jẹ́ ará òfurufú. Ó parí. Kò sí ẹni tó ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé kò tíì sí ìjà.

Létí adágún náà ni Àkèré ń gbé. Láàárọ̀, á wọ omi lọ, á jẹ tanwíji tó ń jó lábẹ́ omi. Bí oòrùn bá ti mú, á jáde, á lọ jẹ eṣinṣin lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Bí ẹ bá wá a dé ilé rẹ̀ lókè tí ẹ kò bá a, ẹ lọ wò ó nínú omi. Bí ẹ kò bá a nínú omi, ó ti padà sókè nìyẹn.

Orí ilẹ̀ ni àkèré ti ń bímọ láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá sì ti bí ọmọ báyìí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí Àkèré wa yìí kò pẹ́ láyé. Ejò ló gbé e mì. Ìyá Epìyà, ẹja àgbà kan báyìí, ló gba ọmọ náà tọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ìṣe epìyà. Bó bá ti fura pé ewu ń bọ̀, ẹnu rẹ̀ ló máa ń là, gbogbo ọmọ rẹ̀ á sáré kó síbẹ̀, á sì pa ẹnu dé títí ewu á fi kọjá. Àìmọye ìgbà ni Àkèré bá àwọn ọmọ ẹja sá sí ẹnu náà. Bí ọmọ ẹlòmíràn ti mọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Àkèré ṣe mọ ẹnu Ìyá Epìyà. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ó tutù, ó sì máa ń gbọ́ bí ọkàn ìyá ti ń lù kì-kì-kì.

Àwẹ̀ró ni Ìyá Epìyà ń pè é.

"Àwẹ̀ró, o ti dàgbà jù fún ẹnu mi báyìí o," ni ìyá wí lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ rẹ ń gún mi lọ́fun."

Lókè, Òkété ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òkété ló gbẹ́ ihò fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́ lára. Bí òjò bá ń bọ̀, Òkété á sọ fún Àkèré, Àkèré á sọ fún àwọn ẹja. Bí omi bá ń kún, àwọn ẹja á sọ fún Àkèré, Àkèré á sọ fún àwọn ará ilẹ̀, wọ́n á sì kó ọmọ wọn kúrò létí bèbè. Ohùn Àkèré dùn nígbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń dá ṣáká. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ó rí bẹ́ẹ̀ títí ọmọ Ẹtu fi kó sómi.

Àárín òjò ni. Adágún ti kún dé ẹnu. Ọmọ Ẹtu wá mu omi, ó gun orí òkúta kan tí ewé omi ti bò, òkúta náà sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó di inú omi.

Àkèré wà lórí òkúta kejì, ó ń yá oòrùn. Ó rí i. Ó bẹ́ sómi, ó gbá ọmọ náà létí mú, ó fà á. Ṣùgbọ́n kí ni agbára àkèré? Ó fi igbe ta. Ìyá Epìyà gbọ́, ó sáré gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ọmọ Ẹtu. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Ó tì í lẹ́ẹ̀kejì. Ìpẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀ bó ti ń tì í. Ọmọ náà ké pe ìyá rẹ̀, ó tún ké pè é, omi sì bò ó.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọmọ náà jáde, ìpẹ́ ẹja ló lẹ̀ mọ́ ọn lára káàkiri.

Ìyá Ẹtu káwọ́ lérí. "Ẹ wá wò ó! Ẹja ló pa ọmọ mi! Ìpẹ́ wọn rèé lára rẹ̀!"

Ariwo ta. Àkèré wà láàárín èrò, ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó la ẹnu, ó wo ojú àwọn tó dúró yí i ká, ó rí i pé ojú wọn pọ́n bí ẹyin iná. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá sọ pé mo wà níbẹ̀, wọ́n á ní kí ló dé tí n kò gbà á là. Jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná. Ọ̀la ni n ó sọ ọ́."

Ọ̀la dé, inú wọn kò rọ̀. Ó di ọ̀túnla. Ọ̀túnla náà kọjá. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ nígbà tó gbóná, bó bá tutù tán, ẹnu kì í fẹ́ gbà á mọ́.

Ẹfọ̀n ni olórí àwọn ará ilẹ̀. Ó pe gbogbo ìlú jọ, ó pàṣẹ. "Láti òní lọ, ará omi kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀, ará ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ omi kọjá orúnkún. Ará omi tí a bá rí lókè, a óò jù ú padà síbi tó ti wá, kò sì ní í jáde mọ́. Odídẹrẹ́ á lọ káàkiri, á bi olúkúlùkù léèrè ibi tó ti wá, kó lè dá wa lójú ẹni tó jẹ́ tiwa."

Odídẹrẹ́ ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Bí ohun kan kò bá ní orúkọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Ó fò láti ihò dé ihò, láti ìtẹ́ dé ìtẹ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Àkèré.

"Àkèré, ará ibo ni ọ́?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Odídẹrẹ́. Ará omi ni mí. Ará ilẹ̀ náà sì ni mí."

"Méjì nìyẹn. Ọ̀kan ni mo béèrè."

"Àmọ́ méjèèjì ni mo jẹ́, Bàbá."

Odídẹrẹ́ yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní ọ̀rọ̀ kankan nílé tí mo lè fi pe irú rẹ, ohun tí kò bá sì lórúkọ, òfin kì í rí i. Wá ọ̀rọ̀ náà lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí etí gbà á, tó sì bá ọ mu, n ó kéde rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa lè lé ọ níbì kankan. Ọjọ́ tí òṣùpá kẹta bá lé ni ìlú máa pàdé. Bí o kò bá tíì rí i nígbà náà, wàá mú ọ̀kan nínú méjì."

Àkèré bọ́ sọ́nà, ó ń wá ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Akàn ló kọ́kọ́ lọ, nítorí Akàn náà ń rìn lómi, ó ń rìn lókè.

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni Akàn wí látẹnu ihò rẹ̀. "Nígbà tí Odídẹrẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní ará ihò ni mí. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni mo ti wọlé." Ó sì wọlé lóòótọ́.

Ó lọ bá Pẹ́pẹ́yẹ.

"Ibi tí mo bá sùn sí ni ilé mi," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Mo ń lúwẹ̀ẹ́ lómi, orí ilẹ̀ ni mo ń sùn. Ará ilẹ̀ ni mo pe ara mi, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, jàre. Kí lo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tuntun ṣe?"

Àkèré padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú omi. Ó yọ́ gba àárín koríko etí bèbè wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

"Ìyá mi, mo wá ọ̀rọ̀ náà tì."

"Ibo lo wá a sí?"

"Lẹ́nu Akàn. Lẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ."

Ìyá Epìyà mi ìrù díẹ̀díẹ̀. "Àwẹ̀ró, ta ló ń wá orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn? Ẹni tó ń pa wá là ń pè ní apẹja. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀, bí ọ̀rẹ́ rẹ lókè, agbẹ́lẹ̀ là ń pè é. Iṣẹ́ wọn la fi pè wọ́n. Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń jẹ nínú omi, Ìyá. Mo sì ń jẹ lókè."

"Kò jìnnà sí ọ mọ́ nígbà náà. Igi ti wà nílẹ̀, okùn tí o máa fi dì í ló kù."

Ó tún sún mọ́ ọn. "Bí o bá rí i tán, lọ sọ ti ọmọ Ẹtu fún wọn. Ìwọ nìkan lo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ẹnu rẹ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. N kò fẹ́ kí ìyá ọmọ náà máa rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyá ni èmi náà."

"N ó sọ ọ́, Ìyá mi. Ọ̀la ni n ó sọ ọ́."

Ìyá Epìyà wò ó pẹ́.

Ká ní Àkèré jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ni, ìtàn wa ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó gòkè lọ, ó bá eṣinṣin rẹpẹtẹ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, Òkété sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan fún un, ọjọ́ sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí àwọn ọmọ Ẹfọ̀n tí wọ́n ń ṣọ́ etí bèbè. Ẹ̀rù bà á, kò wọ omi. Lọ́jọ́ kejì, kò wọ omi. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di oṣù kan. Ohun tí a fi ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀, ó máa ń mọ́ni lára.

Ọjọ́ kan wà tó ń kọjá létí adágún, òun àti àwọn ará ilẹ̀ mélòó kan. Ọmọ ẹja kékeré kan yọ orí lómi.

"Ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró! Ìyá ní kí n kí yín o! Wọ́n ní ṣé ara yín le?"

"Ta ni ń jẹ́ Àwẹ̀ró?" ni ẹnìkan béèrè.

Àkèré kò yíjú. "N kò mọ̀," ló wí, ó sì ń fò lọ.

Ọ̀dá ọdún náà tètè dé. Òjò dáwọ́ dúró lójijì. Oòrùn le. Adágún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, lójoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń gba ibi tí omi fi sílẹ̀. Òkúta tí ọmọ Ẹtu ti yọ̀ wá dúró láàárín ẹrẹ̀ gbígbẹ. Kí òṣùpá kẹta tó lé, ohun tó kù nínú gbogbo adágún kò ju kòtò kan láàárín lọ. Àwọn ẹja há síbẹ̀, ẹ̀yìn wọn ń yọ lókè omi.

Ìlú pàdé lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Òkété ló kọ́kọ́ dìde.

"Baba wa Ẹfọ̀n, kí ẹ pẹ́. Ìsun omi kan wà lẹ́yìn àpáta yẹn, kò gbẹ rí. Bí àwa agbẹ́lẹ̀ bá para pọ̀, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ la máa la ọ̀nà fún un dé kòtò tí àwọn ẹja wà. Ọmọ wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú wọn. Ó ń ṣe mí láàánú."

Ẹfọ̀n mi orí. "Ta la fẹ́ la omi fún? Àwọn tó pa ọmọ Ẹtu? Ìyá rẹ̀ rèé tó jókòó, ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níhìn-ín tó mọ àwọn ará omi dáadáa, tó lè jẹ́rìí ire kan ṣoṣo nípa wọn, kó dìde. Àwa náà kì í ṣe ìkà."

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Òkété wo Àkèré.

Odídẹrẹ́ bà sílẹ̀ láti orí ẹ̀ka. "Ẹnìkan ló kù tí n kò tíì mọ ohun tí mo lè pè é. Àkèré, ṣé o ti rí ọ̀rọ̀ náà?"

Àkèré dìde. Ó wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kò bá a níbẹ̀, torí pé láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kò tún wá a mọ́.

"N kò tíì rí i, Bàbá."

"Ó dára. Mú ọ̀kan."

Ẹfọ̀n tẹjú mọ́ ọn. "Àkèré, ará ibo ni ọ́? Ṣé o mọ àwọn ará omi wọ̀nyí?"

Ó rò ó pé bí òun bá ní ará omi ni òun, inú kòtò gbígbóná yẹn ni wọ́n máa ju òun sí. Ó rò ó pé bí òun bá jẹ́rìí, wọ́n á bi òun ìdí tí òun fi dákẹ́ látọjọ́ yìí. Ó rò púpọ̀. Ara rẹ̀ nìkan ló rò.

"Ará ilẹ̀ ni mí, Baba," ni Àkèré wí. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete, gbogbo ìpàdé ló gbọ́ ọ. "N kò mọ̀ wọ́n."

Òkété tẹ orí ba. Ìyá Ẹtu dìde, ó wá dì mọ́ Àkèré. "O ṣé, ọmọ mi," ló wí. "O kò dà wá." Ara ìyá náà rọ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí iná ló rí lára Àkèré.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Òkété kò bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ò ń bínú ni?"

"N kò bínú."

"Kí ló wá dé tí o kò wí nǹkan kan?"

Òkété dúró. "Ihò tí mo gbẹ́ fún ọ, ìdí tí mo fi gbẹ́ ẹ jìn kó lè tutù ni pé mo mọ ibi tí o ti ń bọ̀. N kò mọ̀ pé ìwọ ti gbàgbé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àkèré kò lè jẹun. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ bèbè mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣọ́? Ẹrẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Ó ń fò lórí rẹ̀, ó ń jó o lẹ́sẹ̀. Omi tó kù nínú kòtò kò lè kún igbá kan.

Ìyá Epìyà wà níbẹ̀ láàárín àwọn ẹja yòókù, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó pa ẹnu dé gbọnin-gbọnin. Ìrù ọmọ ẹja kékeré kan yọ díẹ̀ ní igun ètè rẹ̀. Ó ti kó àwọn ọmọ sẹ́nu.

"Ìyá mi," ni Àkèré pè é. "Ìyá mi, èmi ni. Àwẹ̀ró ni."

Ìyá Epìyà kò lè dáhùn. Bó bá la ẹnu, àwọn ọmọ á jáde sínú oòrùn. Ojú nìkan ló fi wò ó. Àkèré wo ojú náà títí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ ohun tí òun sọ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Kò rí èsì níbẹ̀. Títí di òní, kò mọ̀.

Ó sáré. Ó lọ síbi ìsun omi lẹ́yìn àpáta, ó bu omi sẹ́nu, ó sáré padà, ó tú u sórí ìyá rẹ̀. Oòrùn fà á mu. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré, ọ̀nà sì jìn. Ó ń sunkún bó ti ń sáré, ó ń bá ara rẹ̀ wí.

"Mo jẹ nínú omi. Ta ló fún mi lóúnjẹ nínú omi? Mo jẹ lókè. Mo jomi, mo jòkè, mo wá ní n kò mọ̀ wọ́n. Èmi tí mo jomi, tí mo jòkè. Èmi ajomi... èmi ajomijòkè..."

Ó dúró.

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, etí gbà á, ó sì bá a mu. Kò le. Kò jìnnà. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, wíwá ni kò wá a.

Àkèré kò padà síbi ìsun mọ́. Ó kọjú sí ìlú, ó ń fò, ó ń ké ní gbogbo agbára rẹ̀. "Ajomijòkè! Ajomijòkè ni mí! Ẹ gbà mí o, ẹ jáde wá!"

Wọ́n jáde. Ẹfọ̀n jáde. Odídẹrẹ́ fò wá. Òkété yọ orí nínú ihò.

"Irọ́ ni mo pa lánàá," ni Àkèré wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ará ilẹ̀ nìkan kọ́ ni mí. Ajomijòkè ni mí. Mo jomi, mo jòkè. Ìyá Epìyà ló tọ́ mi dàgbà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ Ẹtu kó sómi. Ẹja kò pa á. Ìyá mi fi ẹ̀yìn tì í títí ìpẹ́ fi bọ́ lára rẹ̀. Èmi náà fà á létí. Agbára wa ni kò ká a."

Odídẹrẹ́ ń tún ọ̀rọ̀ náà pè jẹ́jẹ́. "Ajomijòkè. Ajomijòkè. Ó péye."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?" ni Ẹfọ̀n bú mọ́ ọn.

Àkèré dojú bolẹ̀.

Ìyá Ẹtu sún mọ́ ọn. Gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó ní, "Ṣé ọmọ mi pè mí?"

"Ó pè yín, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè yín."

Ìyá Ẹtu pa ojú dé. Ó tún là á. Ó kọjú sí ọ̀nà àpáta, ó sì fi pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀.

Òkété tẹ̀ lé e. Àwọn agbẹ́lẹ̀ yòókù tẹ̀ lé Òkété. Ọ̀yà dé, Ìmàdò dé, Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ fi ìwo hú òkúta kúrò lọ́nà. Àkèré kò lè gbẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jù. Ohun tó ní kò ju ohùn lọ. Ó ń fò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sinmi, ó ń ké sí ìyá rẹ̀ lókèèrè. "Ajomijòkè ń bọ̀ o! Ìyá mi, ẹ dúró dè mí!" Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìkan ló ń jáde, ọ̀fun rẹ̀ sì ti wú.

Ìrọ̀lẹ́ ni omi dé. Ó wọ́ wá nínú ọ̀nà tuntun náà, tín-ín-rín, ó ru eruku, ó ṣàn wọ kòtò. Ó gbé Ìyá Epìyà sókè, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò mira. Omi yẹn ló la ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹja jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láàyè, wọ́n ń yí ìyá wọn ká, wọ́n ń dúró kó pe àwọn padà.

Àkèré wọ inú omi lọ bá a. Ó gbé ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ orí ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, kó lè mọ̀ pé òun ti rí i. Ó ní, "A... jo..." Ohùn náà ya. Ìparí ọ̀rọ̀ náà nìkan ló jáde.

"Kè," ni Àkèré wí. "Kè. Kè. Kè."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Epìyà ṣe lọ láìgbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Odídẹrẹ́ kéde ọ̀rọ̀ náà bó ti ṣèlérí, òfin Ẹfọ̀n sì dópin. Akàn jáde nínú ihò, ó ní ajomijòkè ni òun náà. Pẹ́pẹ́yẹ ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Koríko tó ń hù lómi tó tún ń hù lókè, òun náà gba orúkọ. Gbogbo wọn ń jẹ́ ẹ, inú wọn sì ń dùn. Ẹni tó rí i nìkan ni kò lè pè é.

Láti ọjọ́ náà ni àkèré kì í ti í bímọ sórí ilẹ̀ mọ́. Inú omi ló ń yé ẹyin sí. Bí ẹyin náà bá pa, ọmọ rẹ̀ kì í ní ẹsẹ̀, ìrù ló máa ń ní, ó sì ń mí bí ẹja. Légbélègbé là ń pè é. Àkèré fẹ́ kí ọmọ òun kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ẹja ná, kó mọ omi ní ìyá, kí ẹsẹ̀ tó máa gbé e lọ sókè tó hù.

Láti ọjọ́ náà sì ni àkèré kì í rìn jìnnà sí etí omi, bó ti wù kí ilẹ̀ dùn tó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí kòtò gbogbo bá kún, á wú ọ̀fun, á bẹ̀rẹ̀: kè, kè, kè. Àwọn àkèré òdìkejì á dá a lóhùn. Ìyá tí òun ń pè gan-an kì í dáhùn.